Nọ́ńbà Pupa Tó Wà Nígun Fọ́tò

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà oko Ìbàràpá kọjá lásìkò tí bàrà bá ń jẹrà kò ní gbàgbé òórùn rẹ̀ láéláé. Wọ́n á ti kó bàrà jọ gègèrè sínú oko, wọ́n á ti fi kùmọ̀ fọ́ ọ, wọ́n á wá fi sílẹ̀ kí ara rẹ̀ rà kí wọ́n tó lè yọ ẹ̀gúsí inú rẹ̀. Òórùn náà kan, ó sì tún dùn díẹ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó máa ń bá èèyàn wọlé, ó sì máa ń bá a jókòó ti oúnjẹ. Nígbà tí mo ṣì ń fi ọ̀kadà rìn láti abúlé dé abúlé, ìyàwó mi kì í bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀ bí ìgbà bàrà bá dé. Yóò kàn ní kí n bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí n tó wọlé. Títí di òní, bí òórùn yẹn bá ta sí mi nímú, kì í ṣe ẹ̀gúsí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Fọ́tò kan ni, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo fi ẹnu ara mi sọ.

Èrúwà ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n inú oko ni oúnjẹ mi wà. Kámẹ́rà mi kò tóbi ju páálí ìṣáná ńlá lọ. Ó ń dán bíi ṣíbí tuntun, ó ń wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, bátìrì kékeré méjì irú èyí tí wọ́n ń fi sí aago ara ògiri ló sì ń lò. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, imú rẹ̀ á yọ síta bí orí ìjàpá, àwọn ọmọdé á sì hó yèè. Ọjà oko máa ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, èmi náà á máa bá wọn yí po láti ẹ̀bá Èrúwà títí dé ọ̀nà Igbó-Ọrà. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò nígbà náà kì í yà á bó ṣe wà. Á fọ ẹsẹ̀, á yá aago ọwọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, á fi pọ́ńdà sójú, á wá jókòó gbọin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Mo mọ obìnrin kan tó ní kí n dúró kí ìrẹsì tó wà lórí iná jinná, kí òun lè gbé abọ́ rẹ̀ dání nínú fọ́tò. Tó bá di ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, màá kó fọ́tò dé nínú àpò ìwé tí mo ti lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi sí lára, wọ́n á pé lé e lórí, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí fóònù tó ń ya fọ́tò kọ́kọ́ dé, ẹ̀sín ni àwa oníkámẹ́rà fi í ṣe. Fọ́tò rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹlòmíràn láti inú èéfín. A kò mọ̀ pé ọmọdé ló ṣì jẹ́, pé ó ń dàgbà. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pólì fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú èyí tó mọ́ kedere wá. Wọ́n ń ya ara wọn lójú ọ̀nà láìfọ ẹsẹ̀, láìdúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ń rí i lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń retí mi ní ọjọ́ ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo wá jókòó, mo ro ohun tí kámẹ́rà mi ń ṣe tí fóònù wọn kì í ṣe, mo sì rí ọ̀kan: déètì. Mo ṣí i sílẹ̀ nínú kámẹ́rà, nọ́ńbà pupa wínníwínní sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nígun ìsàlẹ̀ gbogbo fọ́tò mi, ọjọ́, oṣù àti ọdún tí mo yà á. Mo sọ ọ́ di orin. Màá ní, "Fóònù á ya ojú yín, ṣùgbọ́n tèmi á jẹ́rìí yín." Àwọn ará oko fẹ́ràn rẹ̀, torí pé púpọ̀ nínú wọn kò kọ ọjọ́ ìbí ọmọ wọn sílẹ̀. Ó mú mi gbayì fún bí ọdún kan sí i.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí, màá sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún kan, ibà dá mi wólẹ̀. Mo yọ bátìrì kúrò nínú kámẹ́rà kí omi rẹ̀ má baà jò sí i, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ara mi yá tí mo fi bátìrì tuntun sí i, kámẹ́rà ti gbàgbé ọjọ́. Ó ní kí n tẹ ọjọ́, oṣù àti ọdún fún òun. Ìyá arúgbó kan àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méje ti tò síwájú mi nínú oòrùn, mo bá kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ títí ó fi gbà kí n ya fọ́tò. Nígbà tí mo wò ó, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló kọ síbẹ̀, bóyá ọdún tí wọ́n ṣe kámẹ́rà ọ̀hún. Mo rí i o, n kò ní purọ́. Mo ní màá tún un ṣe bí mo bá délé. Mo délé, mo jẹun, mo sùn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ mo ní, ta ló tilẹ̀ ń ka nọ́ńbà kékeré yẹn? Nígbà tó yá, mo gbàgbé pátápátá pé mo ti mọ̀.

Ní ìgbà bàrà ọdún yẹn náà, mo ń ti ọjà oko bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí bàbá arúgbó kan nawọ́ dá mi dúró létí oko rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń gbé ahéré náà pẹ̀lú alágbàṣe méjì tó wá láti ọ̀nà Bẹ́núè. Ọkùnrin kan tó tó ẹni ogójì ọdún kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ láàárín èèpo bàrà, ṣòkòtò rẹ̀ ti rin gbingbin, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

"Fọ́tò, sọ̀ kalẹ̀," ni bàbá wí. "Wá yà wá."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kúrò nídìí bàrà tó ń rùn náà, bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó bu omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnpá, ó fi etí aṣọ nù ún. Ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ọkùnrin náà lórí.

"Rí i pé ọwọ́ mi hàn," ó ní. "Àwọn kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n rí i."

Mo yà á, àwọn alágbàṣe pàtẹ́wọ́. Mo rò pé àdúrà ìrìn-àjò lásán ni. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún mo kó ẹ̀dà méjì lọ fún un. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń ṣàdúrà fún mi títí mo fi tan ọ̀kadà mi. Bàbá kò mọ̀wé kà, nọ́ńbà pupa tó wà nígun fọ́tò kò sì sọ ohunkóhun fún un.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ìtàn wọn. Ọmọ bàbá ni ọkùnrin yẹn, ẹnì kẹta nínú ọmọ márùn-ún. Ní ọdún méjì ṣáájú, nígbà tí bàbá wà ní ọsibítù, ó lọ gba màlúù méjì tí bàbá fi síkàáwọ́ Fúlàní daran-daran, ó tà wọ́n, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Bàbá dìde lórí àìsàn, ó pe ẹbí jọ sí Èrúwà, ó sọ lójú gbogbo wọn pé ọmọ yẹn kò gbọdọ̀ da yẹ̀pẹ̀ sí òun lára lọ́jọ́ tí òun bá kú. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa. Ẹni tí wọn kò jẹ́ kó da yẹ̀pẹ̀ sí bàbá rẹ̀ lára, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ọmọ lójú ayé nìyẹn, àwọn ọmọ tirẹ̀ náà á sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu ará àdúgbò. Ó pé ọdún méjì kí ó tó rí ẹsẹ̀ gbé wá tọrọ àforíjì, ọjọ́ tó sì rí i gbé náà ni mo ń kọjá lọ. Bàbá dárí jì í. Ó ní bí gbogbo ọmọ bá pé jọ fún Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun á yí ọ̀rọ̀ òun padà níṣojú wọn. Títí dìgbà náà, fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí.

Ìkórè kò bá bàbá láyé. Inú rírun ọjọ́ mẹ́ta ló pa á, àwọn alágbàṣe méjèèjì sì ti padà sílùú wọn. Èmi kò gbọ́ rárá. Ohun tí mo rántí ni ọ̀sán ọjọ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí akẹ́kọ̀ọ́ pólì kan gbé fóònù tuntun dání tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láìpẹ́ ẹ ó máa fi kámẹ́rà yín yìí di ilẹ̀kùn mú kí afẹ́fẹ́ má baà pa á dé." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí dé egungun. Àárín ẹ̀rín yẹn ni obìnrin kan wọlé, ẹni tó tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ó wọ aṣọ dúdú. Ó mú àpò ìwé kan lọ́wọ́, òǹtẹ̀ mi wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ fọ́tò tó wà nínú rẹ̀ síta.

"Ẹ̀yin lẹ ya èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Nọ́ńbà tó máa ń wà nígun fọ́tò yín yìí, kí ni?"

"Ọjọ́ tí mo yà á ni, mà. Ọjọ́, oṣù, ọdún."

Ó wo àpò ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé ó lè ṣì í kọ?"

Ọ̀rẹ́ mi, ká ní ọjọ́ mìíràn ni, bóyá ǹ bá ní kó jẹ́ kí n wo fọ́tò náà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ń wò mí, ó ń dúró kó gbọ́ ohun tí màá wí. Mo fọwọ́ lu kámẹ́rà mi lórí tábìlì.

"Ṣì í kọ báwo? Èèyàn ló ń purọ́, mà. Kámẹ́rà kì í purọ́."

Obìnrin náà mi orí, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní bàbá àwọn ló kú, kí n wá bá àwọn ya fọ́tò ìsìnkú rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀. Bó ṣe jáde báyìí, mo wo akẹ́kọ̀ọ́ náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹni lulẹ̀ nínú ìjàkadì. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlòmíràn ni mo kó ọ̀ràn bá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, bí mo ṣe wọ agboolé wọn ni mo rí àwòrán olóògbé tí wọ́n gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà. Bàbá oníbàrà mi ni. Ikú rẹ̀ dùn mí, mo dúró mo wò ó díẹ̀, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Iwájú ilé ni wọ́n gbẹ́ sàréè sí. Nígbà tí wọ́n sọ pósí kalẹ̀ tán, àlùfáà ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n wá da yẹ̀pẹ̀. Àkọ́bí ló kọ́kọ́ jáde, obìnrin aláṣọ dúdú tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnì kejì tẹ̀ lé e. Mo ya àwọn méjèèjì. Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan lóde ọgbà tó fi ọwọ́ méjèèjì di irin géètì mú. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo bi obìnrin tó dúró tì mí pé kí ló dé tí wọn kò jẹ́ kí ìyẹn wọlé.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ó rọra wí. "Fọ́tò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí kò tíì ta màlúù rárá, ló gbé wá, ó ní bàbá ti dárí ji òun lọ́dún yìí. Wọ́n sì ti lọ wádìí lọ́dọ̀ ẹni tó yà á."

Mo gbé kámẹ́rà kúrò lójú. Mo wo ojú kámẹ́rà, fọ́tò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ṣì wà níbẹ̀: pósí nísàlẹ̀, ọwọ́ ọmọ lókè, yẹ̀pẹ̀ láàárín. Nígun rẹ̀, nọ́ńbà pupa ń tàn, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí a bá ní ká gba ti kámẹ́rà mi, bàbá tí wọ́n ń sin lójú mi yìí ti wọlẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Yẹ̀pẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ọmọ méjì sì kù tí wọn kò tíì pè. Ìyẹn ni n kò lè dárí rẹ̀ ji ara mi. Ká ní mo kígbe pé, "Ẹ dúró, èmi ni mo ṣàṣìṣe," wọn ì bá ṣí géètì yẹn. Mo la ẹnu. Mo wo àwọn tó pé jọ síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ oníbàárà mi, àwọn kan sì ti gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya ohun kan náà tí mo ń yà. Mo ro ẹ̀rín tí wọn yóò rín. Mo ro ṣọ́ọ̀bù mi. Mo pa ẹnu mi dé, mo gbé kámẹ́rà padà sójú, mo sì ya àwọn ọmọ méjì tó kù. Nígbà tí mo tún wo ẹ̀gbẹ́ géètì, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá àkọ́bí náà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo gbé kámẹ́rà fún un, mo sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó wo fọ́tò ìsìnkú bàbá rẹ̀, ó wo nọ́ńbà náà, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó sọ fún mi pé abẹ́ ìrọ̀rí bàbá ní ahéré ni òun ti bá ẹ̀dà kejì fọ́tò yẹn, tí bàbá fi aṣọ funfun dì í. Ìgbà tí òun rí i ni ọkàn òun bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ti àbúrò òun, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe wá mi wá.

"Mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi pé ó lè ṣì í kọ," ó ní. "Ohun tí mo wá gbọ́ lẹ́nu yín nìyẹn."

Ó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù lójú mi, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó padà wálé, ó ní àwọn ti mọ òtítọ́, àwọn á pe ẹbí jọ, yẹ̀pẹ̀ ojú oórì ṣì rọ̀. Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti inú fóònù. Kò pariwo rárá.

"Yẹ̀pẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ni kò sí mọ́."

Ó lé ní ọdún kan kó tó tún tẹ Èrúwà. Láàárín ìgbà yẹn, fóònù parí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí a ti ń fọ fọ́tò kógbá wọlé, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ya fọ́tò di ọlọ́kadà, òmíràn ń ta káàdì fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí gbà pé fóònù ló gba kámẹ́rà lọ́wọ́ èmi náà, n kò sì bá yín jiyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Mo ti pa déètì láti ọ̀sẹ̀ ìsìnkú yẹn, mo ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ náà, títí ìfẹ́ rẹ̀ fi kúrò lọ́kàn mi pátápátá. Ohun tó sì ń bà mí nínú jẹ́ jù ni pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri ìlú, kò sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo torí rẹ̀ pa ẹnu mi dé kò wáyé rárá.

Ọkùnrin náà ló ránṣẹ́ pè mí nígbà tó dé. Wọ́n ti fi táìlì bo ojú oórì bàbá láti òkè délẹ̀, ó ń dán. Ẹbí jókòó yí ká. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó bu yẹ̀pẹ̀ kún ọwọ́, ó wá dúró lójú oórì náà, kò mọ ibi tí yóò dà á sí. Nígbà tó yá ó ṣí ìka rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ náà sì dà sórí táìlì, díẹ̀ nínú rẹ̀ yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nu omijé ojú rẹ̀, ó sọ fún àwọn ará ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbá a.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin náà, mo ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde. Ó yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó gbé e síwájú mi, ó ní òun ń ká ohùn mi àti ojú mi sílẹ̀.

"Ṣé ẹ rí ọwọ́ bàbá lórí mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo rí i."

"Ẹ sọ ọ́ kí àwọn ọmọ mi lè gbọ́."

Mo dúró níwájú fóònù kékeré yẹn, mo sì sọ ọ́. Mo sọ bó ṣe kúnlẹ̀, bí bàbá ṣe fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, bó ṣe ní kí n rí i pé ọwọ́ òun hàn, pé ọwọ́ ọ̀tún ni, pé ọdún tí bàbá kú gan-an ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ó ń yé èmi fúnra mi. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ń pariwo pé kámẹ́rà mi ń jẹ́rìí, èmi ni mo wà níbẹ̀, ojú mi ló rí i, mo sì ní ẹnu. Wọ́n wá béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ mi, mo na ẹ̀rọ sí wọn. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ó tẹ fóònù pa, ó wo iye àsìkò tó lò, ó ní gbogbo ẹ̀rí náà kò tó ìṣẹ́jú méjì.